Bọ́tìnnì Roboto Lára Ọkọ Mi

Biret, má sọ fún mi pé àwọn ará Oslo ló fà á, mo ní má sọ ọ́! Kí làwọn ará Oslo mọ̀? Ìwọ ni mo ń bá wí, ìwọ tí wọ́n bí sí Kautokeino níbí láàárín àwa tí ń da àgbọ̀nrín, ìwọ àbúrò ọkọ mi. Jókòó. Kọfí wà lórí iná, bó o bá fẹ́ bù, bù ú.

Ṣé o ti wo ìwé ìpolówó ọjà wọn náà? Àtàárọ̀ ni mo ti ń wò ó. Aṣọ òtútù ni wọ́n ní àwọn ń tà, ọkùnrin kan wá dúró lórí yìnyín, ó ṣí àyà sílẹ̀ gbayawu, kò dé fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín! Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? Kótù ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kò bo ìdí, bàtà ẹ̀ ní gìgísẹ̀ gogoro, ta ló ń wọ irú ẹ̀ lọ sáàárín àgbọ̀nrín? Ó yẹ kí n bínú, mi ò bínú. Ara mi kàn kú tipiri ni.

Mo ṣí ewé kan, mo rí ẹ̀wù awọ Ánte ọkọ mi. Ẹ̀wù tí mo fọwọ́ ara mi rán! Géńdé kan tí kò tíì hu irùngbọ̀n ló gbé e wọ̀. Ìyẹn náà ò dùn mí, èmi ni mo ní kó o mú un lọ yá wọn fún àwòrán. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ẹ̀gbọ́n rẹ nígbà náà, bó o bá ní kí n gbé ilé yìí fún ọ, màá ní máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ìgbànú, Biret! Ìgbànú wo ni wọ́n dì mọ́ ọn?

Wò ó dáadáa. Bọ́tìnnì roboto.

Roboto! Ta ní ń di roboto? Àpọ́n! Ọkùnrin tó bá ti gbéyàwó, onígun mẹ́rin ni, ọmọdé ibí mọ̀ ọ́n. Èyí tó ń dì kó tó fẹ́ mi, tó wà nísàlẹ̀ àpótí, ìwọ lo fà á yọ. Wọ́n ní ó dán nínú àwòrán, àbí? O sì fún wọn! Gbogbo òtútù tí mo bá a dẹran nínú ẹ̀, gbogbo ọmọ tí mo bí fún un, o pa á rẹ́. O sọ ọkọ mi di àpọ́n lẹ́yìn ikú, wọ́n sì ti pín ìwé náà kálé káko. Lánàá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Máhtte arúgbó wo bọ́tìnnì onígun mẹ́rin lára ìgbànú ìdí mi, ó gbójú kúrò. Hà! Ṣé mo purọ́ ọkọ mọ́ra ni?

Má sunkún níbí o. Èmi tí mo lọ́kọ, láti ọjọ́ tí a ti sin ín, omi kan ò tíì jáde lójú mi. Nu ojú rẹ.

Ọlọ́run ń gbọ́, mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Dìde, lọ sílé rẹ, gbé ẹ̀wù yẹn wá bó ṣe wà, má fọ̀ ọ́, má sá a sóòrùn. Kó o sì mú ìgbànú onígun mẹ́rin tí mo fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa dání, èyí tó bá ẹ̀wù lọ sọ́dọ̀ rẹ. Èmi fúnra mi ni màá dì í mọ́ ẹ̀wù náà, lórí àga yìí, níbi tó máa ń jókòó sí. Bóyá nígbà náà ni màá tó mọ̀ pé mo ti dopó.