Ta Ló Wà Ní Àyè Mi?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlùfáà wa tí wọ́n gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ kí orin àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Fẹ́mi, opó Baba Fẹ́mi, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yìí ní Sátidé. Èmi kì í lá àlákálá. Tí mo bá sùn, mo sùn nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ẹ̀wà ni mo jẹ yó tí mo fi ń ríran, kó mú sùúrù, kó gbọ́ mi tán ná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú mi kúnlẹ̀. Aránṣọ kan wà tó gba yàrá nílé wa lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá rẹ̀. Bísí lorúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi wá síbí. Ó ní, “Mama, ṣọ́ọ̀ṣì kan tí mo lọ níjọ́sí, mo jókòó, wọ́n ní àyè ìdílé ẹnìkan ni. Mo bọ́ sẹ́yìn, wọ́n tún lé mi dìde. Mo fara ti ògiri títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, mo bá lọ sílé.” Ó ní òun ò mọ ìgbà tí à ń dìde, òun ò mọ ìgbà tí à ń kúnlẹ̀, òun ò sì ní gèlè gidi. Mo ní gbogbo ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tó yá, ó gbà. Ó ní, “Màá wá lọ́jọ́ Ìsinmi yìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún lé mi dìde, Mama, ẹ má pè mí sílé Ọlọ́run mọ́ láéláé.”

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù, nítorí mo mọ irú ẹni tí a jẹ́.

Lánàá, nígbà tí a gbálẹ̀ tán tí àwọn yòókù ti lọ, mo kúnlẹ̀ síbi àga ìdílé ọkọ mi. Ẹ mọ àṣà wa, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní àga tirẹ̀. Ibi tí Baba Fẹ́mi máa ń jókòó, a kan irin tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí mọ́ ọn, a gbé tìmùtìmù pupa lé e, àtìgbà tí a sì ti sin wọ́n, kò sẹ́ni tó jókòó níbẹ̀. Mo gbórí lé àga tó wà níwájú mi. Mo ní, “Olúwa, má jẹ́ kí wọ́n lé ọmọ yìí.” Mi ò tíì ṣe àmín tán tí oorun fi gbé mi lọ.

Mo rí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun gbọọrọ. Ó ní, “Dìde, ká lọ.” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo ti kú ni?” Ó ń lọ níwájú, mo sì ń tẹ̀ lé e.

Ibi tí a kọ́kọ́ dé jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, torí mo ti rò pé ọ̀run àpáàdì á jọ ibi ìdáná. Àga tò lọ lọ́tùn-ún lósì, mi ò rí òpin wọn, gbogbo wọn ló ṣófo. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná débi pé kò sẹ́ni tó lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Èrò ń fẹsẹ̀ kan fò kiri, wọ́n ń wá ibi jókòó. Bí ẹnìkan bá ti fẹ́ fìdí lé àga, àga á fọhùn: “Dìde. Ẹnìkan ló ni ibẹ̀.” Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ olóyè di ìró mi mú. Ó ní, “Ìyá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, ẹsẹ̀ mi ti bó.”

Ẹni tó mú mi lọ ní, “Ó lé aboyún dìde kó lè rí ibi gbé fìlà rẹ̀ lé.”

A rìn síwájú, mo rí àwọn tí ahọ́n wọn wú, tí kò wọ ẹnu mọ́. Ó ní, “Àwọn wọ̀nyí ń sọ fún àlejò pé, ‘A ó wá kí yín nílé.’ Wọn ò béèrè ọ̀nà ilé.” Mo rí àwọn tó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná náà tí wọn ò lè dìde. Ó ní wọ́n fi àlejò ṣẹ̀sín nítorí pé ó dìde nígbà tí àwọn ń kúnlẹ̀. Mo bi í pé àwọn panṣágà ńkọ́, torí mo ní àwọn kan lọ́kàn. Ó ní, “Wọ́n wà níwájú. Tìrẹ ni mo mú ọ wá wò.”

A yà, afẹ́fẹ́ tútù kan sì fẹ́ sí mi lójú. Mo rí ilé kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọmọbìnrin kan tí kò wé gèlè dúró níta, ó ń bẹ̀rù. Ẹnìkan jáde, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó béèrè orúkọ rẹ̀, ó sì pè é lórúkọ náà. Wọ́n ṣí ìwé orin síbi tí wọ́n ń kọ, wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rọra sọ fún un pé, “A ń dìde báyìí, ṣùgbọ́n tó bá rẹ̀ ọ́, jókòó.” Nígbà tí wọ́n ń lọ síbi tábìlì Olúwa, àwọn tí kò tíì máa gba oúnjẹ náà káwọ́ sáyà, àlùfáà ibẹ̀ sì súre fún wọn. Àga ibẹ̀ kún fọ́fọ́, síbẹ̀ bí ẹnìkan bá ti wọlé, wọ́n á sún, àyè á sì wà.

Ẹni tó ń kó ìwé fún wọn lẹ́nu ọ̀nà yíjú sí mi. Baba Fẹ́mi ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ mọ̀ pé ọkọ mi kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. Omi bọ́ lójú mi. Wọ́n ní, “Ìyá Fẹ́mi, ta ló wà ní àyè mi báyìí?”

Mo fi ìyanga dáhùn. Mo ní, “Kò sẹ́nì kankan. A gbé tìmùtìmù lé e. Eṣinṣin ò gbọdọ̀ bà á.”

Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú wọn fà ro. “Láti ìgbà tí mo ti kú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Àwọn èèyàn sì ń dúró?”

Mo ń tún gèlè mi ṣe. Wọ́n ní, “Mi ò ní kí ẹ fi orúkọ mi lé èèyàn.” Wọ́n padà sídìí ìwé tí wọ́n ń pín, wọn ò wojú mi mọ́.

Ẹni tó mú mi lọ fà mí lápá, àfi bí mo ṣe bá ara mi níbí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa yìí, lórí àga wa, gbogbo yín pé, Bísí sì wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ilẹ̀ gbígbóná yẹn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbiná bọ̀, Bísí ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, ẹ ń tẹ́ ìborùn yín sí àyè tó ṣófo, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo fẹ́ sún, ìdí mi lẹ̀ mọ́ àga, mo fẹ́ pè é, ẹnu mi ò ṣí, ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fọwọ́ kan tìmùtìmù pupa náà, mo sì gbọ́ ohùn kan: “Dìde. Ẹnìkan ló ni ibẹ̀.” Ohùn mi ni.

Ó wò mí. Kò bínú. Ó yí padà, ó gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde, iná sì bo ibẹ̀.

Mo jí. Oòrùn ọ̀sán ṣì wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, òógùn ti rẹ aṣọ mi. Ọ̀bẹ tí a fi ń ha ìda àbẹ́là ni mo fi tú irin orúkọ Baba Fẹ́mi. Tìmùtìmù ti wà nílé. Ẹ̀yin ìdílé ọkọ mi, mo rí yín bí ẹ ṣe ń wojú ara yín. Tí a bá délé, ẹ bá mi jà bó ṣe wù yín.

Ará, mo bẹ̀ yín, ẹ má rò pé ọ̀run jìnnà. Ìloro ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni mo ti rí i. Ẹ wẹ̀yìn wò. Ọmọbìnrin tó dúró síbẹ̀ yẹn, tí gèlè rẹ̀ wọ́, tí kò mọ̀ bóyá kó wọlé tàbí kó padà, òun ni.

Ọkọ mi kékeré, àbúrò Baba Fẹ́mi, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sún.

Bísí, ọmọ mi, wá jókòó.