Ewì Tí Ẹ Ò Tíì Gbọ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, Ọlọ́run tó fi ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe sí i mọ́, òun ni mo wá fi ìyìn fún láàárọ̀ yìí. Àwọn tó jẹ́rìí ṣáájú mi sọ ti físà àti ti iṣẹ́ abẹ. Tèmi lè kéré létí yín. Ẹni tó kàn ló mọ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Sister Fúnkẹ́ tó ń tẹ ìwé, tó ń ṣe fótókọ́pì ní Kétu, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìkòsì. Èmi náà ni mo máa ń kéwì nínú ìjọ yìí. Ìkórè dé, ẹ ní kí n kéwì. Ẹ sọmọ lórúkọ, ẹ ṣílé, Mummy wa ṣọjọ́ìbí, ewì ni. Inú mi máa ń dùn sí i.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àbúrò mi, Káyọ̀dé, ti kú lọ́dún tó kọjá, ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Ó ń ṣe mí bíi pé bí èmi náà bá lọ, gbogbo ewì mi á bá mi wọlẹ̀. Mo fẹ́ kí ọ̀kan wà nínú ìwé, níbi tí ẹni tí ò mọ̀ mí ti máa kà á. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá màgasíìnì tó ń gba ewì.

Ẹ̀yin ará, mo wá a. Òmíràn ò gba Yorùbá rárá. Òmíràn ní Yorùbá dáa, kí n sáà ti fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òmíràn ní àwọn ti dáwọ́ gbígba ewì dúró fún ọdún yìí. Òmíràn ti kógbá sílé tipẹ́, ojú-ewé rẹ̀ nìkan ló ṣì ń tàn lórí kọ̀ǹpútà, bí ilé tí wọ́n kó kúrò tí wọ́n gbàgbé iná sí. Oníbàárà á dúró níwájú mi, ojú mi á wà lára ímeèlì. Mo ti gbé sátífíkéètì ẹlòmíràn fún bàbá kan rí.

Mummy Ìbejì tó ń ta báàgì ní ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù mi wò mí títí.

“Fúnkẹ́, ṣé ọkọ lò ń retí nínú kọ̀ǹpútà yẹn ni?”

“Ibi tí mo máa fi ewì ránṣẹ́ sí ni mò ń wá, mà.”

“Wọ́n á sanwó fún ẹ?”

“Rárá, mà.”

“Ìwọ lo máa sanwó fún wọn?”

“Rárá o, mà.”

“Kí ló wá ń lé ẹ kiri?”

Mo yíjú padà sí ímeèlì mi.

Mo gbààwẹ̀ sí i. Ọlọ́run sì ṣe é, mo rí màgasíìnì kan tó ń gba ewì Yorùbá. Mo fi ewì ìkórè ránṣẹ́, èyí tí gbogbo yín dìde dúró fún. Olóòtú wọn, obìnrin, dá mi lóhùn pé àwọn fẹ́ràn rẹ̀, àwọn sì fẹ́ gbà á. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé ó ti jáde níbikíbi rí, ì báà jẹ́ lórí Facebook? Nítorí èyí tí kò tíì jáde rí nìkan ni àwọn ń tẹ̀.

Mo ṣí pèéjì ìjọ wa. Ewì ìkórè rèé, fídíò àti ọ̀rọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán òdòdó lábẹ́ rẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀. Gbogbo ewì mi pátá ló wà níbẹ̀. Brother Ṣẹ́gun tó ń ṣe mídíà wa kì í fi nǹkan falẹ̀. Mo pè é.

“Brother, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ewì ìkórè kúrò lórí pèéjì.”

“Èyí tí wọ́n láìkì jù yẹn? Kí ló ṣe?”

Mo ṣàlàyé fún un.

“Ìyẹn ò le, Sister. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ báyìí, kí ẹ sọ fún wọn pé kò jáde rí. Ta ló máa mọ̀?”

Ẹnu mi ti là láti sọ pé kó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ronú pé ẹnu ọ̀nà tí mo fi ààwẹ̀ tọrọ nìyí, ṣé irọ́ ni mo máa kọ́kọ́ gbé wọ ibẹ̀? Mo ní kó fi sílẹ̀. Mo kọ òótọ́ sí olóòtú.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní àwọn ò lè gba ìyẹn mọ́, ṣé mo ní òmíràn tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́? Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn máa ṣíwọ́ gbígbà.

Mi ò ní. Kò sí ewì kan tí mo kọ rí láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kí n kọ ọ́. Mo jókòó láti kọ tuntun, ìkórè ló tún ń jáde. Mo kọ ti ìlú Èkó, mo pa á rẹ́. Mo lọ ra ata ní Mile 12, mo dé ilé láìra ata.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ fótókọ́pì láti dúpẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni: Olúwa, kí ló dé tí o fi mú Káyọ̀dé?

Ẹ rántí, èmi ni mo kéwì níbi ìsìnkú rẹ̀. Ewì ayọ̀ ni. Mo ní ó ti lọ sinmi, gbogbo yín ṣe àmín. Mi ò béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ọjọ́bọ̀ yẹn ni mo tó béèrè, mo sì sunkún bí ọmọ tó ń bá bàbá rẹ̀ jà. Nígbà tí mo dìde, mo tẹ̀ ẹ́ ní ewì, bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Kò ní àmín nídìí.

Ẹ̀rù wá bà mí. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo lọ bá pásítọ̀ wa.

“Daddy, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn bi Ọlọ́run ní ìbéèrè?”

Wọ́n wò mí. “Ta lo tún fẹ́ lọ bi?”

Mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin ará, ṣáájú kí èsì tó dé ni ara mi ti balẹ̀. Mo ń ṣe fótókọ́pì láìwo ímeèlì. Mummy Ìbejì ní ṣé ọkọ yẹn ti dé ni. Lọ́sẹ̀ yìí ni olóòtú kọ̀wé pé àwọn gbà á.

Ọlọ́run ò tíì sọ ìdí tó fi mú Káyọ̀dé fún mi. Mo ṣì ń bi í. Kò bínú sí mi, kò sì lé mi kúrò níwájú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n ké ewì náà. Mi ò ní lè ké e, ó di ìgbà tó bá jáde. Brother Ṣẹ́gun, ẹ máà bínú. Tó bá jáde, kí kálukú kà á nílé ara rẹ̀, bóyá ẹnì kan wà níbí tó ní ìbéèrè tó ti fi ijó bò mọ́lẹ̀. Ẹ dìde, ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run, kí ẹ sì bá mi yọ̀ sí ohun tí ẹ ò tíì gbọ́.