Bùsírátù Kò Ní Ìkámà

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e. Ariwo fáànù.]

JAMALDEEN: As-salaamu alaykum. Àlàájà Bùsírátù, ẹ káàsán o.

BÙSÍRÁTÙ: Wa alaykum salaam. Ta nìyẹn?

JAMALDEEN: Èmi ni, Jamaldeen. Ẹnjinníà, ọmọ Ìwó, ti Mẹ́kà.

BÙSÍRÁTÙ: Ha, Jamaldeen. Mo ti rò pé àwọn kan ni. Ìyàwó ńkọ́? Rumaysa ọmọ rẹ ńkọ́?

JAMALDEEN: A dúpẹ́, ma. Ẹ kú oríire. Láti àná tí àwo tuntun Bàbá Jùbrílù ti jáde, orúkọ yín ni gbogbo Mẹ́kà ń pè.

BÙSÍRÁTÙ: Gbogbo Mẹ́kà.

JAMALDEEN: Àti Jẹ́dà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí láti Sharafíyà, ó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló ń gbé e sí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún mẹ́rìnlélógójì tí bàbá yẹn ti ń kọrin, a ti rò pé ohùn ti tán. Track four, Àlàájà. Track four yẹn, masterpiece ni.

BÙSÍRÁTÙ: Jamaldeen, ṣé o gbọ́ mi?

JAMALDEEN: Mò ń gbọ́ yín. Ẹ sọ̀rọ̀ sókè díẹ̀.

BÙSÍRÁTÙ: Mi ò lè sọ̀rọ̀ sókè. Ṣé mọ́tò rẹ lè gbé báàgì méjì àti garawa kan?

JAMALDEEN: Báàgì kẹ̀? Níbo lẹ̀ ń lọ?

BÙSÍRÁTÙ: Mo kàn ń béèrè ni.

JAMALDEEN: Ẹgbẹ́ wa lórí WhatsApp ti gbóná. Àwọn kan ní orin ìgbà èwe rẹ̀ dùn jù ú lọ, ẹ má dá wọn lóhùn. Àáfà wa ní ẹ̀kọ́ inú ẹ̀ péye. Kìfáyàtù ní ó pa òun lẹ́kún. Dókítà Abdulateef nìkan ló ń bínú.

BÙSÍRÁTÙ: Kí ló ń bí i nínú?

JAMALDEEN: Wọn ò dárúkọ rẹ̀ ni. Ó gba bàbá sílé fún ọjọ́ mọ́kànlá nígbà tó wá ṣe úmúrà, ó ń fi mọ́tò gbé e lọ gbé e bọ̀. Àwo jáde, kò sí "Dókítà" kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn kun làálì sí ìyàwó bàbá lọ́wọ́, odidi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kì yín.

BÙSÍRÁTÙ: Kí wọ́n yọ tèmi, kí wọ́n fi tiẹ̀ síbẹ̀. Mo fún un.

JAMALDEEN: Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, mo fi ń ṣàwàdà. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n kọrin pé òun ò ní ìkámà.



BÙSÍRÁTÙ: Ìwọ náà ti gbọ́ ibẹ̀ yẹn.

JAMALDEEN: Ta ni ò gbọ́ ọ? Ègbè orin ni. "Bùsírátù kò ní ìkámà, ìrun rẹ̀ gbà —"

BÙSÍRÁTÙ: Má kọ ọ́ lórí fóònù.

JAMALDEEN: Ọ̀rọ̀ ìrun ni, Àlàájà. Ìkámà tí ládàánì ń pè kí ìmáàmù tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní kò pọn dandan kí obìnrin pe ìkámà, Ọlọ́run á gba ìrun rẹ̀. Ó ń gbèjà yín ni.

BÙSÍRÁTÙ: Jamaldeen, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó o kà. Kí ni màá máa bá olórin sọ̀rọ̀ ládàánì fún? Ìkámà tí mo sọ fún un, èyí tó wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ yẹn ni. Káàdì tí ìjọba fún ọ kó o lè máa gbé ibí.

JAMALDEEN: Oh no.

BÙSÍRÁTÙ: Ó ní kí n fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́, kí n sọ ẹni tí mo jẹ́, kí òun lè kì mí dáadáa. Mo bá sọ ọ́. Ọmọ Ìwó, onílàálì, ọdún méjìlá ní Híndáwíyà, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Mo wá ní, "Bàbá, ẹ rọra o, mi ò ní ìkámà." Ó ní ìyẹn ò tó nǹkan, òun máa gbà mí sílẹ̀.

JAMALDEEN: Ó sì gbà yín sílẹ̀ lóòótọ́.

BÙSÍRÁTÙ: Nínú ègbè. Hala, ọmọ onílé mi, kà á, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrìndínlógún ni.

JAMALDEEN: Ẹ fọkàn balẹ̀. Yorùbá ni. Lárúbáwá wo ló gbọ́ Yorùbá?

BÙSÍRÁTÙ: Béèrè lọ́wọ́ Rumaysa.

JAMALDEEN: Rumaysa tèmi? Tí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Lárúbáwá ló fi ń dá mi lóhùn.

BÙSÍRÁTÙ: Ìyẹn gan-an ló ṣe. Ó ń jó sí i lórí TikTok, ó sì kọ ìtumọ̀ sábẹ́ ẹ̀. Busirat, ma indaha iqama, pé mi ò ní ìkámà. Ó kọ Híndáwíyà, ó kọ ilẹ̀kùn. Tó bá ti di Lárúbáwá, ta ló máa rántí ládàánì?

JAMALDEEN: Subhanallah. [Ohùn jìnnà] Rumaysa, wá níbí. Fídíò yẹn, delete it. Now.

RUMAYSA [lókèèrè]: Leesh, Baba?

JAMALDEEN: Ó ń bi mí pé kí ló dé. Delete it, mo ní. [Ohùn sún mọ́] Àlàájà, ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì èèyàn ló ti wò ó.

BÙSÍRÁTÙ: Ẹyin lọ̀rọ̀, Jamaldeen. Ó ti balẹ̀. Ṣé o —

[Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Ohùn obìnrin ní Lárúbáwá.]

BÙSÍRÁTÙ [lókèèrè]: Laa. Laa. Busirat saafarat.

JAMALDEEN: Àlàájà? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ta ni? Ọlọ́pàá ni?

BÙSÍRÁTÙ: Ìyàwó tuntun ni. Ó fẹ́ kun làálì. Ìkẹta láti àárọ̀ nìyẹn. Ó ní Bùsírátù inú orin lòun ń wá. Mo ní ó ti rìnrìn àjò. Ó ní èmi wá ńkọ́. Mo ní Maha.

JAMALDEEN: Ọmọ Ìwó ń jẹ́ Maha?

BÙSÍRÁTÙ: Ó ní kí Maha bá òun kùn ún nígbà náà. Mo ní Maha ò mọ̀ ọ́n kùn.

JAMALDEEN: Màá pe Bàbá Jùbrílù fúnra mi. Ó gbọ́dọ̀ yọ ọ́.

BÙSÍRÁTÙ: Mo ti pè é. Ó bẹ̀ mí títí. Ó ní òun máa tún un ṣe nínú rímíìsì.

JAMALDEEN: Alhamdulillah.

BÙSÍRÁTÙ: Ó ní òun á là á yé wọn pé ìkámà ìrun kọ́, ìkámà ìwé ni.

[Ariwo lórí ìlà fóònù.]

JAMALDEEN: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ má bínú, ma. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní kí wọ́n dárúkọ yín pàápàá?

BÙSÍRÁTÙ: Ìyá mi ni. Ojú rẹ̀ ti fọ́, fídíò ò wúlò fún un. Wọ́n ti kó sí i lágbárí pé mo ti kú, pé ẹlòmíì ló ń fi ohùn mi tàn án lórí fóònù. Mo ní tí Bàbá Jùbrílù bá dárúkọ mi, á gbà. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń gbọ́ orin rẹ̀.

JAMALDEEN: Ṣé ó ti gbọ́ ọ?

BÙSÍRÁTÙ: Ó gbọ́ ọ. Ó sunkún, ó gbà pé mo wà láàyè. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

JAMALDEEN: Nítorí kí ni?

BÙSÍRÁTÙ: Pé òun rán mi nílé kéú fún ọdún mẹ́fà, mi ò wá mọ ìkámà pè.

[Jamaldeen ń rẹ́rìn-ín. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń dún.]

JAMALDEEN: Mò ń bọ̀. Tó bá pẹ́ jù, wákàtí kan ààbọ̀. Ọ̀dọ̀ Kìfáyàtù ni mò ń gbé yín lọ, ní Amaríyà, Jẹ́dà níbẹ̀ náà. Ẹ má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni.

BÙSÍRÁTÙ: Jamaldeen. Kó o tó gbéra. Mi ò tíì gbọ́ ọ.

JAMALDEEN: Ẹ ò tíì gbọ́ kí ni?

BÙSÍRÁTÙ: Orin náà. Ògiri ibí fẹ́lẹ́, àyà mi ò gbà mí láti tẹ̀ ẹ́. Láti ìrọ̀lẹ́ òní lọ, Maha ni mí. Jẹ́ kí n gbọ́ orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan kí n tó fi í sílẹ̀. Inú mi á dùn sí i gan-an ni.

JAMALDEEN: Ó yá, ma. Ẹ di fóònù mọ́ etí.

[Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohùn àgbàlagbà ọkùnrin.]

ORIN: Ẹ bá mi kí wọn ní Jẹ́dà, ẹ bá mi kí ọmọ Ìwó tó wà lájò —

BÙSÍRÁTÙ: Ohùn rẹ̀ ti gbó.

JAMALDEEN: Ó ku díẹ̀.

ORIN: Ẹ ní kó má sunkún mọ́, ìyá rẹ̀ ń pè é —

BÙSÍRÁTÙ: Ó ń já. Ṣé o gbọ́ mi? Jamaldeen, má pa á.

JAMALDEEN: Mi ò pa á. Orúkọ yín ló kàn báyìí —

ORIN: Bùsí—

[Ìpè já.]