Orúkọ Tí Mo Pe Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Mi Lórí Pápá

Lọ́la, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀, wọ́n ní kí n wá sí ilé ẹbí ọkọ mi ní Ìgbẹ̀ìn, kí n kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà, kí n bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Bí mo bá bẹ̀bẹ̀ tán, kí n tún sọ fún ìgbìmọ̀ ìjọ pé Kẹ́mi, ẹni tó kéré jù nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù mi, ló jẹ́ kí a pàdánù ife ẹ̀yẹ. Bí n kò bá ṣe é, ìgbìmọ̀ náà á gba ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin ìjọ wa lọ́wọ́ mi, èmi tí mo dá a sílẹ̀, èmi tí mo jẹ́ kóòṣì wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, inú mi bàjẹ́, n kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n bí inú mi ṣe bàjẹ́ tó náà ni ara mi ṣe gbóná tó. Ẹ̀bẹ̀ kí ni wọ́n fẹ́ kí n bẹ̀? Kí ni mo jí?

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níhìn-ín ní Abẹ́òkúta. Mo ti ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù tí à ń jù sínú àwọ̀n yẹn, láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí n tó fẹ́ ọmọ Ìgbẹ̀ìn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Àǹtí Bíọ́lá, ni kápútẹ́nì ẹgbẹ́ wa. Wọ́n ga, wọ́n lágbára, bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù mú lábẹ́ àwọ̀n, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà ọjọ́ Sátidé nìkan là ń rí wọn níbi ìdánrawò. N kò bínú sí ìyẹn, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyàwó ilé mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Kódà àbúrò ọkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, orúkọ mìíràn là ń fún un. Láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn ni mo ti ń pe Àǹtí Bíọ́lá ní Eyínmẹ́nugún, nítorí pé eyín wọn funfun, ó sì yẹ wọ́n. Inú wọn a máa dùn bí mo bá pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Nínú ilé, orúkọ tó dára ni.

Lórí pápá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ lè bá mi dá ẹjọ́ yìí. Nínú básíkẹ́ẹ̀tì, olúkúlùkù ló ní ẹni tó ń ṣọ́. Bí ẹni tí mò ń ṣọ́ bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ìwọ tí o wà nítòsí ni kí o já tìrẹ sílẹ̀, kí o dí i lọ́nà. Kò sí ẹni tó lójú lẹ́yìn, nítorí náà ariwo ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. "Ẹ̀yìn rẹ!" "Ọ̀tún!" "Dí i!" Ó gbọ́dọ̀ yá bí ìgbà tí èèyàn ń lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo tó sá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin wa, ọmọ tí a kọ́ nílé ni wọ́n. Ta ló fẹ́ jágbe mọ́ Àǹtí Bíọ́lá nínú wọn? Kẹ́mi, tó ń ṣiṣẹ́ àdìrẹ ní Ìtòkú, a máa sọ pé, "Àǹtí Bíọ́lá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wo ẹ̀yìn yín mà." Kó tó sọ ọ́ tán, bọ́ọ̀lù ti wọlé. Èmi kóòṣì gan-an ńkọ́? Létí pápá ni mo máa ń dúró sí tí mò ń kígbe pé, "Eyínmẹ́nugún, ẹ padà sílé!" Àwọn èrò ìwòran á bú sẹ́rìn-ín. Mo wá ṣòfin pé kò sí àǹtí lórí pápá mọ́, orúkọ lásán ni ká máa pe ara wa. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Àǹtí Bíọ́lá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ìyẹn dára fún àwọn ọmọdé." Lẹ́yìn gbólóhùn yẹn, ta ló máa dán an wò?

Ní Sátidé tó kọjá tí a gbá àṣekágbá, àwọn obìnrin kan láti Ewékorò la bá pàdé. Ẹ ò rí ariwo! Ọmọdé ń pe àgbà lórúkọ, àgbà ń jẹ́ ẹ, gbogbo ọ̀nà ni wọ́n dí pa. Síbẹ̀, àwa là ń borí, ọwọ́ Àǹtí Bíọ́lá ló sì ṣe é, n kò ní fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n. Nígbà tó yá, àwọn ará Ewékorò rí ibi tí ilé wa ti ń jò. Wọ́n á fi ẹnìkan síwájú Àǹtí Bíọ́lá, ẹlòmíràn á yọ́ gba ẹ̀yìn wọn. Kẹ́mi á rí i, á la ẹnu, á tún pa á dé. Bọ́ọ̀lù á wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ayò tí a fi ń ṣíwájú ṣe ń dín kù, títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo, eré sì ti fẹ́ tán. Ẹni tí Kẹ́mi ń ṣọ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn Àǹtí Bíọ́lá, wọn ò sì rí i. N kò mọ ìgbà tí mo kígbe. "Bíọ́lá! Ẹ̀yìn rẹ!"

Wọ́n yí padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n yíjú sí. Wọ́n dúró gbagidi láàárín pápá, wọ́n fọwọ́ lé ìbàdí. "Ta lò ń pè ní Bíọ́lá? Èmi?" Obìnrin Ewékorò yẹn gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ó gbé bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, ayò méjì sì ni ìyẹn. Rẹfirí fọn fèrè, ó parí. Kí n tó mọ̀, ìyá ọkọ mi ti dìde láàárín èrò, wọ́n káwọ́ lérí: "Ìyàwó tí a fẹ́ sílé ló ń pe ọmọ mi lórúkọ níwájú gbogbo ìjọ!" Ṣé ẹ rí i? Ife ẹ̀yẹ ti lọ, orúkọ ni wọ́n ń sunkún rẹ̀. Ẹ wá wo òdìkejì pápá. Ọmọbìnrin Ewékorò tó ti ń jágbe mọ́ àgbà ẹgbẹ́ wọn látàárọ̀, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń gbé omi fún un báyìí. Kí ló wá kù nínú ọmọlúàbí tí kò ní?

Ọkọ mi ya eré náà sínú fóònù rẹ̀, mo sì ti wò ó títí ojú fi ń ro mí. Òótọ́ ni pé ẹni tí Kẹ́mi ń ṣọ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí agbábọ́ọ̀lù tí irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí ẹnìkejì fi wà nítòsí. Àmọ́ ẹnìkejì náà kọjú sí mi, ó ń bá mi jà! Mo fi han ọkọ mi. Ó ní, "Mo rí i. Ṣáà bẹ̀ wọ́n, kí ilé lè tòrò." Kí ilé lè tòrò, kí ọmọ ọlọ́mọ wá ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀? Ó dùn mí ju ariwo ìyá rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ yìí, a ṣe ìdánrawò. Àǹtí Bíọ́lá kò wá, ni mo bá bọ́ sí àyè wọn, kí á lè pé. A ò tíì gbá a jìnnà tí Kẹ́mi fi pariwo orúkọ mi gan-an, èyí tí bàbá mi sọ mí, kò fi àǹtí sí i, kò fi kóòṣì sí i. Ó wá fi kún un pé, "Òsì! Dí i!" Etí mi ho. Ó dùn mí wọra, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó kù díẹ̀ kí n bi í pé ta lò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti yà sí òsì kí ìbínú tó dé, mo dí i, bọ́ọ̀lù kò sì wọlé.

Nítorí náà, n ó lọ sí Ìgbẹ̀ìn lọ́la. N ó kúnlẹ̀ kí Àǹtí Bíọ́lá bí mo ṣe máa ń kí wọn, nítorí ọkọ mi ni wọ́n jẹ́, wọn kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Tó bá kan ẹ̀bẹ̀, n ó dìde. N kò ní fi ẹnu mi ba Kẹ́mi jẹ́ fún ìgbìmọ̀ kankan, bí wọ́n bá sì fẹ́ gba ẹgbẹ́ náà, kí wọ́n gbà á. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn bí n ó ṣe bá ọkọ mi gbélé lẹ́yìn náà, nítorí ibẹ̀ nìkan lẹ̀rù ti ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí n bẹ̀bẹ̀, kó kọ́kọ́ bọ́ sórí pápá, kó dúró ní àyè Kẹ́mi, kó rí obìnrin yẹn tó ń sáré bọ̀, kó wá sọ orúkọ tí òun máa pè fún mi.