Wáyà Inú Ọkàn Bàbá Dúpẹ́

Ẹ bá mi hó ìhó ayọ̀, ẹ̀yin ará Fìdítì! Ẹ hó o! Olúwa kò jẹ́ kí n fi aṣọ opó wọ ṣọ́ọ̀ṣì yìí!

Ẹ mọ ọkọ mi, Bàbá Dúpẹ́ ọlọ́sàn. Ọkàn rẹ̀ ni kì í lù déédéé mọ́, ó máa ń dákú sídìí ọsàn lóko. Àwọn dókítà Ìbàdàn fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ àyà rẹ̀, wáyà ẹ̀rọ náà wọ inú ọkàn lọ, òun ló ń ta ọkàn jí. Ọkọ mi tún ń rìn. Ẹ ṣé o, Olúwa!

Àfi bí ìyá rẹ̀ ṣe dé láti Akínmọ̀rìn. Màmá fọwọ́ kan kókó tí ẹ̀rọ náà yọ láyà ọmọ wọn.

“Ta ló fi irú èyí sí ọ lára?”

Mo ní, “Màmá, ẹ̀rọ dókítà ni.”

Wọn ò gbà. Kí n tó ti ọjà dé, wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ yí kókó náà ká, wọ́n ti fi oògùn dúdú ra á. Ìfẹ́ ni o! Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kẹ̀, ó ń ṣọyún. Ara ọkọ mi gbóná bí ààrò, kò dá mi mọ̀ mọ́.

Mo sáré gbé e padà sí Ìbàdàn. Dókítà wò ó, ó ní, “Ìyá Dúpẹ́, àrùn ti bá wáyà dé inú ọkàn. Bí a bá fi í sílẹ̀, yóò pa á. Bí a bá sì fà á, ó ti lẹ̀ mọ́ ẹran ọkàn, ọkàn lè ya.”

“Dókítà, èwo ni kí n wá mú níbẹ̀?”

Ó ní, “A ó máa fà á díẹ̀díẹ̀.”

Wọ́n ki wáyà mìíràn gba itan wọlé, kí ọkàn má bàa dákẹ́. Wọ́n yọ ẹ̀rọ àyà náà, wọ́n so okùn mọ́ wáyà tó kẹ̀, wọ́n gbé e gba orí irin bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì so òkúta ìwọ̀n rọ̀ sí i. Òkúta ń fa ọkàn ọkọ mi, ojú mi ló ṣe! Mo gbàdúrà títí ohùn fi há. Màmá jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, wọ́n fi ìró bo ọwọ́ méjèèjì.

“Ìyàwó mi, bó bá kú, èmi ni mo pa á.”

Inú ń bí mi, mo kọjá lára wọn wọ wọ́ọ̀dù lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gbì! Òkúta já lulẹ̀. Mo figbe ta, “Ó ti pa á o!” Dókítà sáré dé, ó tẹ́tí sí àyà rẹ̀. Jésù! Ló bá gbé wáyà náà sókè, odindi.

“Ó ti jáde. Ọkàn ń lù.”

Ọkọ mi lajú. “Ìyá mi dà?”

Ẹ bá mi dúpẹ́! Ọyún gbẹ, wọ́n fi ẹ̀rọ tuntun sí apá kejì. Òun nìyí níwájú yín!

Ìwọ tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ ṣèèṣì dá ọgbẹ́ sí ọ lára, má sọ̀rètí nù. Olúwa kò tíì kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì rẹ.

Màmá, mo rí yín lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Láti ọjọ́ gbẹ́rẹ́ yẹn, ẹ ò fọwọ́ kan ọmọ yín mọ́. Ẹ yọ ọwọ́ lábẹ́ ìró, ẹ máa bọ̀. Ẹ wá gbé ọwọ́ lé ọmọ yín láyà, kí ẹ gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.