Páálí Rory Wà Nílé Mi

Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yìí. Mi ò ní jókòó, Wal, fi àga yẹn sílẹ̀. Dókítà ní ọjọ́ mi ò pọ̀ mọ́, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Òní ni ọjọ́ náà. Lorna, ìwọ gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Gbogbo yín mọ̀ pé èmi Glenys ni mò ń ṣa ẹrù tí àwọn èèyàn bá fi ta wá lọ́rẹ. Èyí tó dáa, a ó tà á láti fi ran aláìní lọ́wọ́. Èyí tó ya, ààtàn ló ń lọ. Ara mi ò gbà á. Màá ní mo fẹ́ lọ rán an ni, màá sì kó o sẹ́yìn ọkọ̀ mi. Mi ò rán nǹkan kan rí. Ẹrù kún ilé mi dé àjà, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń wọ yàrá, orí àga ni mò ń sùn. Wal tó ń bá mi gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Glenys, lọ́jọ́ tó o bá kú, òkìrìkà la máa kọ́kọ́ hú ká tó rí ẹ." A ó jọ rẹ́rìn-ín. Mi ò jẹ́ kó wọlé rí.

Ọdún tí iná jó òkè wa, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú, Des ọkọ rẹ palẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín mọ́, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe kí iná má baà rí nǹkan jẹ. Páálí kan wà nínú ohun tó kó wá sí ṣọ́ọ̀bù yìí láìyẹ̀ ẹ́ wò: jẹ́sì bọ́ọ̀lù Rory, ọmọ yín tí odò gbé lọ, àti kásẹ́ẹ̀tì tó gba ohùn ara rẹ̀ sí. Èmi náà ò mọ̀. Mo rí i pé ìgunwọ́ jẹ́sì ti ya, mo gbé páálí náà relé. Lẹ́yìn náà ni iná jó ilé yín kanlẹ̀. Gbogbo ohun ìní Rory tó kù láyé, ọ̀dọ̀ mi ló wà.

O wá, eérú ṣì wà nínú irun rẹ, o ní ṣé mo rí páálí kan. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ó wà nílé mi, wàá ní ká jọ lọ wá a, wàá sì rí bí mo ṣe ń gbé. Ojú tì mí. Mo ní a ti tà á fún arìnrìn-àjò kan tó ń lọ sí Queensland, ọ̀nà jíjìn.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Des fúnra rẹ̀ wá, ó di etí tábìlì yìí mú. Ó ní, "Glenys, Lorna ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní mo kó ọmọ òun dà nù. Bóyá ó há síbì kan, jọ̀ọ́, bá mi wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i." Ó ń sunkún. Mo wò ó lójú, mo ní, "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tà á, Des. Gbàgbé ẹ̀." Ìkà ni mí. Kí ọdún tó yí, ẹ ti pínyà.

Látìgbà tí dókítà ti sọ̀rọ̀ ni mo ti ń hú ilé mi bí ajá. Àná ni mo rí i. Eku ti jẹ díẹ̀ lára jẹ́sì, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì ṣì ń sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà, mo sì pa ẹ̀rọ náà kíákíá. Páálí náà nìyẹn níwájú rẹ.

Mò ń tọrọ àforíjì, Lorna. Bí o kò bá lè fún mi, má fún mi. Des ni kí o kọ́kọ́ dárí jì. Ó wà nílé àwọn arúgbó, Wal á fi ọkọ̀ gbé ọ lọ. Wọ́n ní kò dá èèyàn mọ̀ dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń bi bóyá wọ́n bá òun rí páálí kan. Lọ dá a lóhùn.