Àga Tí Ọ̀gá Fún Mi

Ẹ dá àdúrà yẹn dúró ná. Gbogbo ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ wá sìn mí sílé pé mo ti fẹ̀yìn tì, ẹ jókòó. Kúbúrátù, ìwọ náà jókòó. O ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ní bàbá tó dúró tì ọ́ nígbà ìṣòro ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni n ò lè gbé mì. Ikọ́ tó ń ṣe mí yìí, dókítà ti sọ ibi tó ń gbé mi lọ, n ò sì ní gbé irọ́ wọ sàréè. Inú ń bí mi, èmi fúnra mi ni mo sì ń bínú sí jù.

Ẹ rántí Tẹniọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n Kúbúrátù, tó wá láti yunifásítì, tó ń wádìí bí iṣẹ́ ṣe tẹ́ àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lọ́rùn sí, ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́. Ó ní kí kálukú fi máàkì sí i, láti oókan dé márùn-ún. Kí lẹ sọ fún un? "A dúpẹ́." Gbogbo yín! Zikrullah tó ń ṣọ́ géètì ní, "Fi márùn-ún sí i, ọmọ mi, kí ọ̀gá má bàa bínú." Ó sú ọmọ náà. Ó wá bá mi, ó ní, "Alífà, a dúpẹ́ kọ́ ni mo bi wọ́n. Ṣé kò sẹ́ni tí nǹkan ń bí nínú níbí ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹni tó bá ní iṣẹ́ tí Ọlọ́run fún òun kò tẹ́ òun lọ́rùn, aláìmoore ni wọ́n máa pè é. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun bá yín sọ̀rọ̀, torí èmi ni mò ń ṣíwájú yín kírun.

Bí a ṣe kí Alásárì tán lọ́jọ́ kan, mo pè yín jọ, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, Tẹniọlá náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Mo fọwọ́ lé Àlùkùráánì, mo ní ohun tí ẹ bá sọ kò ní kọjá iyàrá yẹn. Kúbúrátù ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Mo fẹ́ràn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi dọ́kàn. Àwọn tó ń darí wa ni mo fún ní oókan. Jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn wa ń tanná nílé ọ̀gá, abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ń bàjẹ́ nínú fìríìjì tó gbóná." Mo ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹnu rẹ." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o! Ẹnu mi yìí náà ni!

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì, olórí ọ́fíìsì wa, ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ máa wolẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé fáìlì wọlé fún wọn, ìdúró ni mò ń dúró bí ẹni tó wá tọrọ. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n nawọ́ sí àga, "Alífà, ẹ jókòó," wọ́n ní kí wọ́n fún mi lómi tútù. Orí mi wú. Wọ́n béèrè ohun tí ẹ sọ. Wọn ò halẹ̀ mọ́ mi, wọn ò ṣèlérí kankan. Àga lásán! Mo jókòó sínú rẹ̀, mo dárúkọ Kúbúrátù, mo tún sín ohùn rẹ̀ jẹ kí ọ̀gá lè rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí abúlé kan lódìkejì ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé Lukman ọkọ rẹ̀ wà ní ìdùbúlẹ̀ ní Ibeshe, rọpárọsẹ̀ ti mú un, ìyàwó rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ. Ó sáré wá sílé mi, ó kúnlẹ̀. "Alífà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ta ló lọ sọ ohun tí mo sọ?" Ibí yìí gan-an ni mo ti di ẹranko. Mo mi orí, mo ní, "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ṣé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́ ló ń gba ohùn wa sínú fóònù?" N ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tó.

Lọ́jọ́ tí ìjì dá ọkọ̀ ojú omi dúró, tí Kúbúrátù ò lè sọdá wálé, òùngbẹ gbẹ Lukman, ó fẹ́ dìde, ó ṣubú. Ilẹ̀ ló kú sí. Tẹniọlá sáré wá síbi ìsìnkú, Kúbúrátù lé e jáde lójú gbogbo èèyàn. "Ìwọ lo pa ọkọ mi! O ò gbọdọ̀ pè mí ní àǹtí mọ́!" Èmi ni ọmọ náà ń wò, pé kí n bá òun jẹ́rìí. Èmi ni mo sì fẹ́ kírun sí òkú lára. Mo kẹ̀yìn sí i, mo gbọ́wọ́ sétí, mo ké "Aláàhù Akúbárù." Ọmọ náà pa ìwádìí rẹ̀ tì. Ìròyìn tí ọ́fíìsì wa fi ránṣẹ́ sókè ni pé inú gbogbo òṣìṣẹ́ ń dùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ẹ ṣọ́ra fún àgbà tó bá ní kí ẹ sọ tinú yín, tí òun kì í sọ tirẹ̀. Kúbúrátù, n ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bú mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n mo pe Tẹniọlá láàárọ̀ yìí, mo jẹ́wọ́ fún un. Mo rò pé á ṣépè fún mi. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: "Alífà, ṣé àǹtí mi ti gbọ́?"

O ti gbọ́ báyìí. Pè é.